Wáìnì pupa gidi láti súpámákẹ́ẹ̀tì láìná owó burúkú: ẹ wá dá sí i

Àdùkẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra wáìnì pupa ní súpámákẹ́ẹ̀tì, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó dáa? Tí mo bá ti dé iwájú pẹpẹ yẹn ojú mi á kàn dàrú, ìgò lọ bẹẹrẹ, ọ̀kan ya ẹṣin, ọ̀kan ya ilé ńlá, òmíì lẹ góòlù mọ́ra, gbogbo wọn ni wọ́n ń pariwo ara wọn. Mi ò fẹ́ èyí tó dùn bíi ṣúgà o, mi ò sì fẹ́ èyí tó máa fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀ títí mi ò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wáìnì gidi ni mo ń wá, tí mo lè mu ife kan tàbí méjì nírọ̀lẹ́ kí owó mi má sì dùn mí. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Bọ̀dá Onígò
Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ yé mi, torí mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń to ìgò sórí pẹpẹ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ́kọ́ mọ ibi tí owó ẹ ń lọ ná. Ìgò ní owó tiẹ̀, ìdérí ní tiẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì, páálí, owó ọkọ̀, owó ìjọba, èrè ẹni tó kó o wọlé, èrè ẹni tó ń tà á, gbogbo ìyẹn ni wọ́n máa yọ kúrò kó tó wá kan àjàrà tí wọ́n fún sínú ẹ̀. Púpọ̀ nínú owó yẹn kì í sì í yí padà, wáìnì inú ẹ̀ ì báà dáa, ì báà má dáa, ìgò ṣì ni ìgò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá mú èyí tí owó ẹ̀ kéré jù lórí pẹpẹ, ìgò àti owó ọkọ̀ lo rà, wáìnì inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Tó o bá wá gòkè díẹ̀, ìpele owó kan sí méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó o fi kún un ló máa wọ inú wáìnì fúnra ẹ̀. Àmọ́ tó o bá tún gùn ún lọ réré, orúkọ lo bẹ̀rẹ̀ sí í rà yẹn. Torí náà ìpele owó kejì àti ìkẹta láti ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí ní tèmi, mi ò kì í yọ ara mi lẹ́nu ju ibẹ̀ lọ.

Òmíì tún ni pé ibi tí ojú ẹ bá kọ́kọ́ bà lé lórí pẹpẹ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó o ti mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to èyí tí wọ́n fẹ́ kó tètè tà sí. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o wo ìsàlẹ̀. Má sì mú èyí tó wà lókè téńté lábẹ́ iná, tí eruku ti bò, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ń ba wáìnì jẹ́. Fọwọ́ kan ọrùn ìgò, tí kọ́ọ̀kì bá ti ń yọrí síta díẹ̀ tàbí tí ọrùn ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìgò yẹn ti jẹ oòrùn níbì kan kó tó débẹ̀. Dá a padà sí àyè ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Agbẹjọ́rò Ẹnu
Ẹ̀gbọ́n Onígò, mo fara mọ́ ti owó yẹn. Ẹ jẹ́ n bá a lọ láti ibi góòlù tí Àdùkẹ́ sọ. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò yẹn, ẹ rọra pẹ̀lú ẹ̀. Ìdíje wáìnì pọ̀ bí nǹkan míì láyé, ẹni tó ṣe wáìnì ló ń sanwó kí wọ́n tó gba wáìnì ẹ̀ wọlé, àwọn ìdíje kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń gba nǹkan lọlé níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Tẹ́ ẹ bá máa wò ó rárá, ẹ wò ó bóyá ìkórè ọdún tẹ́ ẹ mú dání gan-an ló gba àmì yẹn, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìgò tó wúwo ńkọ́? Kò sọ nǹkan kan, gíláàsì ni wọ́n fi kún un. Ihò jíjìn abẹ́ ìgò náà, bákan náà.

Orúkọ ńlá náà ò sọ gbogbo ẹ̀. Ẹ wo ti Paris lọ́dún 1976. Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Paris nígbà yẹn, kó wáìnì Faransé àti ti California pọ̀, ó fi orúkọ wọn pa mọ́, ó wá ní kí àwọn adájọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Faransé tọ́ wọn wò. Ìgbà tí wọ́n máa ṣí orúkọ, Stag's Leap Wine Cellars ìkórè 1973 láti Napa ní California ló ṣe ipò kìíní nínú àwọn pupa, ó sì lé Mouton Rothschild àti Haut-Brion, àwọn wáìnì Faransé olórúkọ ńlá, sẹ́yìn. Àwọn tó mọ wáìnì tinútòde ni wọ́n jókòó síbẹ̀ o. Ká ní wọ́n rí lébẹ́ẹ̀lì ni, ṣé ẹ rò pé ibi tí wọ́n máa fi sí nìyẹn?

Tísà
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Stag's Leap ti wá di orúkọ ńlá báyìí ṣá, ẹ ò lè rí i ní ìpele kejì láti ìsàlẹ̀ mọ́, hahaha.

Èmi ò wo ẹṣin, mi ò wo ilé ńlá, ibi tí wọ́n ti gbin àjàrà ni mo máa ń wò. Bordeaux tí gbogbo ayé mọ̀, Burgundy, Barolo, Napa, ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n bí ojú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń mu ún lẹ sì máa bá wọn san owó ilẹ̀ yẹn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, tí òjò ò pọ̀, tí ilẹ̀ ò gbówó lórí, àjàrà á pọ́n dénú lọ́dọọdún láìsí wàhálà àrùn púpọ̀, irú ibẹ̀ ni wáìnì tó níyì tí kò sì pani lówó ti ń wá.

Sípéènì ni mo fi ń ṣe àkọ́kọ́. Garnacha, orúkọ àjàrà nìyẹn, láti Calatayud tàbí Campo de Borja, ní agbègbè Aragón. Púpọ̀ nínú igi àjàrà ibẹ̀ ti darúgbó, igi tó ti gbó kì í so púpọ̀ mọ́ àmọ́ ìwọ̀nba tó bá so máa ń ki. Ó kún ẹnu, ó ń rùn bí èso pupa tó ti pọ́n, kì í sì í fa ẹnu pọ̀ jù, mo rò pé ohun tí Àdùkẹ́ ń wá gan-an nìyẹn. Monastrell láti Jumilla tún wà, ìyẹn dúdú, ó wúwo, ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀ máa ń tó 14 sí 15 pásẹ́ńtì, ẹ má dà á mu bí omi o.

Ní Faransé, ẹ wá wáìnì agbègbè Côtes du Rhône. Àjàrà kan náà ló pọ̀ níbẹ̀, Grenache tiwọn náà ni Garnacha, Mourvèdre tiwọn náà ni Monastrell, Syrah ló kù tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ Côtes du Rhône Villages sí lára tí owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti èkejì, ẹ mú un, òfin tí wọ́n fi ń ṣe é le díẹ̀ sí i. Corbières àti Minervois ní Languedoc náà dáa, àwọn èèyàn kàn ń fò wọ́n ni.

Pọ́túgà! Mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pọ́túgà, bóyá torí pé orúkọ àjàrà wọn gùn ni. Wáìnì agbègbè Alentejo, Dão àti Douro, ẹ tọ́ ọ wò. Àjàrà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe Port, wáìnì wọn tó máa ń dùn yẹn, ni wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa Douro tí kò ní ṣúgà, iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀ sì ju owó ẹ̀ lọ.

Ní Ítálì, Montepulciano d'Abruzzo àti Nero d'Avola láti Sicily. Montepulciano d'Abruzzo yẹn àti Vino Nobile di Montepulciano kì í ṣe ọmọ ìyá o, ti àkọ́kọ́ orúkọ àjàrà ni, ti èkejì ìlú kan ni ní Tuscany, àjàrà Sangiovese ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Owó wọn náà jìnnà síra.

Ajẹntínà ní àjàrà Malbec. Faransé ló ti wá, àmọ́ Mendoza ló ti gbayì, lẹ́bàá òkè Andes, àwọn ọgbà ibẹ̀ ga débi pé tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, òtútù á mú lóru, òtútù yẹn ni kì í jẹ́ kí wáìnì ẹ̀ tẹ́. Ṣílè ní Carménère, ìtàn ìyẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Merlot, àjàrà míì, kó tó di ọdún 1994 tí Jean-Michel Boursiquot, onímọ̀ àjàrà láti Faransé, wo ewé ẹ̀ dáadáa tó ní ẹ̀yin ará ibí, Carménère lẹ gbìn o. Ó máa ń rùn bíi tàtàṣé aláwọ̀ ewé díẹ̀, ẹlòmíì ò fẹ́ràn ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Àjàrà Pinot Noir ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún tí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́. Awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń tètè bàjẹ́ lóko, kì í fẹ́ ooru, iṣẹ́ pọ̀ nídìí ẹ̀, torí náà èyí tó bá rọjú gan-an nínú ẹ̀ kì í sábà ní nǹkan kan lẹ́nu.

Láyí
Tísà ẹ rọra, mi ò lè há gbogbo èyí sórí dé súpámákẹ́ẹ̀tì o. Tí mo bá fẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ńkọ́?

Tísà
Côtes du Rhône. Tí ò bá sí, Garnacha.

Láyí
Ẹ ṣeun. Ìbéèrè míì, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò ní dùn kí n tó ṣí i? Mo ra pupa kan, dry, ìyẹn pé kò dùn, ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, mo tọ́ ọ wò, ó dùn rederede.

Agbẹjọ́rò Ẹnu
Láyí, nígbà míì èso tó pọ́n gan-an àti ọtí tó pọ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó dùn lẹ́nu, kí ṣúgà má sì sí níbẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ṣúgà díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ kó lè rọ̀ lẹ́nu, pàápàá àwọn tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu tí wọ́n fi orúkọ aláràbarà sí. Ní Yúróòpù, òfin tiwọn ni pé kí wọ́n tó pè é ní dry, ṣúgà inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 4 lọ nínú lítà kan, ó lè dé 9 tí kíkan wáìnì náà bá pọ̀ tó láti bá a dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o máa wò lára ìgò: sec, secco, seco, dry, àwọn yẹn ò dùn. Demi-sec, semi-seco, abboccato, amabile, dolce, àwọn yẹn ní ṣúgà, dolce ló dùn jù. Tí wọn ò bá kọ nǹkan kan, wo pásẹ́ńtì ọtí. Pupa tí ọtí ẹ̀ ò tó 10, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà pọ̀ níbẹ̀, torí ṣúgà inú àjàrà ló ń di ọtí, èyí tí ò bá di ọtí á kù síbẹ̀. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi kó o mọ̀ dájú, wá ìkànnì ẹni tó ṣe wáìnì yẹn lórí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ iye ṣúgà síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí dáa, àmọ́ mi ò tíì rí ẹnì kankan tó sọ̀rọ̀ nípa ẹnu. Ẹ ti ń sọ ìgò láti àárọ̀. Àdùkẹ́, ọmọ mi, bó o bá ka lébẹ́ẹ̀lì títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ò bá fi wáìnì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, o ò ní mọ èyí tó o fẹ́. Ìgò kan lónìí, òmíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èèyàn á ti gbàgbé ti àkọ́kọ́.

Ohun tí àwa máa ń ṣe nìyí. Ẹni mẹ́rin sí márùn-ún a dá owó jọ, a máa ra ìgò mẹ́ta sí mẹ́rin, àjàrà kan náà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí ibì kan náà ní ìpele owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750, èèyàn márùn-ún lè tọ́ ọ wò dáadáa kó ṣì ṣẹ́ kù. Ẹnì kan á fi bébà wé ìgò láti ọrùn dé ìdí, á kọ A, B, D sí wọn lára, ẹni yẹn ò ní bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi máa parí torí ojú ẹ̀ máa tú àṣírí. Tí ìrísí ìgò bá yàtọ̀ síra, dà á sínú jọ́ọ̀gì, kí wọ́n má fi èjìká ìgò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má mu ún ní gbígbóná o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó ń ba wáìnì pupa jẹ́ lẹ́nu jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ pé wọn kì í fi pupa sí fíríìjì yẹn, yàrá tí ò móoru ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Dígírì 15 sí 18 ló yẹ ẹ́, tí yàrá yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi sí fíríìjì fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tó bá gbóná, ọtí inú ẹ̀ á máa jó imú, ẹ ò ní gbọ́ òórùn èso rárá. Tó bá tutù jù náà, á korò, ẹ kàn fi ọwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú, á gbà.

Ẹ bu díẹ̀ o, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíláàsì lọ, kí àyè wà fún òórùn. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i, kẹ́ ẹ wá yí i, kẹ́ ẹ tún gbóòórùn ẹ̀, ẹ máa rí i pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹ wá fà á sẹ́nu, ẹ má gbé e mì kíákíá, ẹ jẹ́ kó yí ahọ́n ká. Ibi méjì ni kẹ́ ẹ fiyè sí. Ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, tí itọ́ bá ń ṣàn síbẹ̀, kíkan ẹ̀ nìyẹn, kíkan yẹn ló ń jẹ́ kó mọ́ lẹ́nu. Ẹ tún wo èrìgì yín àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó bá ń gbẹ tó ń fà bíi tíì tó ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná, tánìn nìyẹn, láti ara èèpo àjàrà àti kóró ẹ̀ ló ti ń wá, àti láti ara igi àgbá. Kò burú o, àmọ́ ó yẹ kó máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, kó má dúró síbẹ̀ kó máa há ẹ lẹ́nu. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e mì, ẹ dákẹ́ ná. Adùn ẹ̀ ṣé ó kúrò kíá ni àbí ó ṣì ń bẹ? Èyí tó bá pẹ́ lẹ́nu tí kò sì korò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ má tíì sọ̀rọ̀ o. Kí kálukú kọ tiẹ̀ sórí fóònù ẹ̀ kí ẹnì kankan tó lanu, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ ní òun ń gbóòórùn èso dúdú, gbogbo yín lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn èso dúdú.

Ẹ tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. A gbé Malbec kan àti Douro kan síbẹ̀ nígbà kan. Níbẹ̀rẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń yin ìgò A, ó ń ta sánsán, ó rọ̀ mọ́ ahọ́n, B wá le koko, ó sé ara ẹ̀ mọ́, ẹnì kan tiẹ̀ kọ "kò wí nǹkan kan" síwájú ẹ̀. A jókòó, a ń sọ ọ̀rọ̀ míì, ìgbà tá a máa padà sí i, ìgò A ti tẹ́, ó kù ṣúgà-ṣúgà lẹ́nu, B ti ṣí, òórùn bíi òdòdó ń jáde lára ẹ̀, tánìn ẹ̀ ti rọ̀. Èyí tí ẹnì kan ní kò wí nǹkan kan yẹn ló kọ́kọ́ tán. Torí náà tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò kan tó le koko lẹ́nu, ẹ má tíì bínú sí i, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì kó ta rúrú, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀dá Onígò
Màmá ẹ ṣeun púpọ̀. Ti jọ́ọ̀gì yẹn ń ṣiṣẹ́ gan-an fún wáìnì tí owó ẹ̀ ò pọ̀, pàápàá tó bá ń rùn bí ìṣáná díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, òórùn yẹn máa ń lọ tí afẹ́fẹ́ bá kàn án.

Agbẹjọ́rò Ẹnu
Èyí tó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa ńkọ́, kò lọ o. Kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TCA ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni àmọ́ á pa gbogbo òórùn èso inú wáìnì yẹn. Bẹ́ ẹ dà á sí jọ́ọ̀gì bẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dàárọ̀, òórùn yẹn ló máa kù. Ẹ dá kọ́ọ̀kì padà sẹ́nu ìgò, ẹ mú risíìtì, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á, súpámákẹ́ẹ̀tì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má mu ìdajì kẹ́ ẹ tó gbé e padà ṣá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í bá ẹni tó ń fi ìdérí onílílọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ jà mọ́, mo kàn ń wò wọ́n. Ìdérí onílílọ́ ò sọ pé wáìnì burú. Ọsirélíà àti New Zealand ń fi dé wáìnì tó dáa gan-an.

Wáìnì inú páálí náà ńkọ́, ẹ ò mẹ́nu bà á! Lítà 3 jẹ́ ìgò mẹ́rin, owó ìgò àti owó ìwúwo kò sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè wọ inú àpò tó wà nínú páálí yẹn bó o ṣe ń fà á, torí náà ó lè lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tó o bá ṣí i. Fún ẹni tó ń mu ife kan lálẹ́, kò sí ohun tó dà bí ẹ̀. Wo ọjọ́ tí wọ́n kó o sínú páálí tó bá wà lára ẹ̀, kì í pẹ́ nínú páálí bó ṣe ń pẹ́ nínú ìgò.

Àdùkẹ́
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ ti jẹ́ kí òǹgbẹ máa gbẹ mí o. Ẹ jọ̀ọ́, Reserva, Crianza, Grand Vin, Old Vines, gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn tó ń wà lára ìgò, ṣé kí n máa gbà á gbọ́?

Tísà
Ó dá lórí ibi tó ti wá. Ní Rioja, agbègbè wáìnì kan ní Sípéènì, òfin wà nídìí ẹ̀. Crianza gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 2 ó kéré tán, ọdún 1 nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú àgbá igi. Reserva ọdún 3, ọdún 1 nínú àgbá. Gran Reserva ọdún 5, ọdún 2 nínú àgbá. Ẹlòmíì ti bá ẹ tọ́jú ẹ̀ pa mọ́ nìyẹn, mo sì rò pé Crianza ni èrè wà nínú ẹ̀ jù fún ẹni tí kò fẹ́ náwó.

Ṣùgbọ́n Reserve tí wọ́n kọ sára wáìnì Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn tó sọ ohun tó túmọ̀ sí, ẹni tó bá wù ú lè kọ ọ́. Grand Vin náà, má fi ṣe ẹ̀rí. Old Vines, ìyẹn igi àjàrà tó ti gbó, kò sí ọdún pàtó tí gbogbo ayé fẹnu kò sí pé igi gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó pè é ní arúgbó.

Orúkọ àjàrà wá ńkọ́, tí wọ́n bá kọ Merlot sára ìgò Amẹ́ríkà, 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló pọn dandan kó jẹ́ Merlot, ní Yúróòpù 85. Ìyókù lè jẹ́ nǹkan míì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nígbà míì ìyókù yẹn ló mú un dùn.

Ẹ̀yìn ìgò ni kó o kà. Tí wọ́n bá kọ mis en bouteille au château tàbí au domaine síbẹ̀, ẹni tó gbin àjàrà ló fúnra ẹ̀ kó o sínú ìgò. Bí ibi tí wọ́n dárúkọ bá ṣe kéré sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sábà máa ń ṣọ́ ọ tó, abúlé ju agbègbè lọ, agbègbè ju orílẹ̀-èdè lọ. Wo orúkọ ẹni tó kó o wọlé náà. Tó o bá fẹ́ràn wáìnì kan, ya ẹ̀yìn ẹ̀ ní fọ́tò, tó o bá tún rí orúkọ oníṣòwò kan náà lẹ́yìn ìgò tó ò mọ̀ rí, gbé e, ẹnu ẹ̀yin méjèèjì lè bára mu. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn ju góòlù lọ.

Láyí
Àwọn èèyàn ní sulfite, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí wáìnì kó má bàa bàjẹ́, inú pupa ló ń fa orí fífọ́, ṣé òótọ́ ni?

Bọ̀dá Onígò
Láyí, wáìnì funfun ló sábà ń ní sulfite jù, tó bá jẹ́ òun ni, funfun ló yẹ kó máa fọ́ orí jù. Òfin Yúróòpù gba mílígíráàmù 150 nínú lítà fún pupa tí kò dùn, 200 fún funfun tí kò dùn. Àwọn tí ara wọn ò gba sulfite wà, pàápàá àwọn kan tó ní asthma, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, kí wọ́n bi dókítà wọn. Ní tèmi, omi ni kó o máa mu láàárín ife kan sí òmíì, kó o jẹun kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì mọ ibi tó o máa dúró sí.

Àdùkẹ́
Mo ti lọ, mo ti bọ̀ o! Garnacha kan láti Campo de Borja, Côtes du Rhône Villages kan, ìdérí onílílọ́ ni ti Garnacha. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá méjèèjì, ẹni tó ń to ọjà ń wò mí bí mo ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bébà ti wà lára wọn. Ìyá Ìbejì, àwa méjì péré la wà nílé, tí a ò bá lè mu ún tán ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Ta ní ní kẹ́ ẹ mu ún tán? Ẹ dé e padà kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì, pupa náà ń wọ fíríìjì tí wọ́n bá ti ṣí i, ìgò á dúró lóòró, á lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ní ìgò kékeré tó mọ́, ẹ rọ ọ́ kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má rí àyè, ìyẹn tún dáa jù. Ẹ gbé e jáde díẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu ún lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì kọ bó ṣe rí lẹ́nu lọ́jọ́ kejì yẹn sílẹ̀, ó lè yà yín lẹ́nu.

Tísà
Àdùkẹ́, ìkórè ọdún wo ló wà lára wọn? Wáìnì ìpele yẹn, ọdún kan sí mẹ́ta ló máa ń dùn jù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tọ́jú.

Àdùkẹ́
Garnacha ìkórè ọdún tó kọjá ni. Côtes du Rhône yẹn ti lé díẹ̀, ọdún mẹ́ta.

Tísà
Kò burú. Ọ̀la ni kó o ṣí ìyẹn, má jẹ́ kó pẹ́.

Agbẹjọ́rò Ẹnu
Ọ̀la kẹ̀? Ṣebí wọ́n ti wé bébà mọ́ méjèèjì. Àdùkẹ́ ṣí wọn pa pọ̀ jàre, kó o wá sọ fún wa èyí tó jẹ́ A.